Kí Ló Ń Mú Òṣìṣẹ́ Dìbò fún Ẹgbẹ́ Olówó?

Ìbò kì í parí l'Abẹ́òkúta kí ọ̀rọ̀ yìí má jẹ yọ. Ẹ lọ sídìí àwọn tó ń dúró ka ìwé ìròyìn ní Kútọ̀, ẹ lọ sí ọ́fíìsì l'Òkè-Mósàn, ẹ ó gbọ́ ọ: "Ẹ wo mẹ̀kúnnù wọ̀nyí o! Ebi ń pa wọ́n, wọ́n tún lọ tẹ̀ka fún àwọn tó ń febi pa wọ́n." Ẹni tó sọ ọ́ á mirí, á ní àìmọ̀wé ló fà á, á sì bá tirẹ̀ lọ.

Èmi ò gbà. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí, torí pé ẹni tó bá ti pe olùdìbò ní òmùgọ̀ kò ní bi í ní ohunkóhun mọ́. Òṣìṣẹ́ tó ń dìbò fún ẹgbẹ́ olówó mọ ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí náà ṣeé tọpa, ó sì jọra láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé Amẹ́ríkà títí dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ohun tó wà nítòsí ọwọ́ rẹ̀ ló ń dìbò fún: ilé tó ń gbé, ọjà tó ń tà, ẹgbẹ́ tó mọ orúkọ rẹ̀, ìbò tó ti dì tẹ́lẹ̀ tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ Conservative ni ẹgbẹ́ àwọn onílẹ̀, àwọn ọlọ́lá àti àwọn oníṣòwò ńlá. Ohun tí wọ́n ń wí ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà: kí owó orí má pọ̀, kí ìjọba má tọwọ́ bọ ọjà jù, kí àṣà àti àṣẹ dúró síbi tí a bá wọn. Ní 1867 ni òfin fún àwọn ọkùnrin òṣìṣẹ́ inú ìlú ńlá, àwọn tó ní ilé àti àwọn tó háyà ilé, láǹfààní láti dìbò. Ìjọba Conservative fúnra rẹ̀ ló ṣe òfin náà. Ní 1875, ìjọba Benjamin Disraeli, ti ẹgbẹ́ kan náà, ṣe òfin ìmọ́tótó ìlú àti òfin wíwó ilé jákujàku láti kọ́ tuntun, ó sì ṣe é tí wọn ò fi ní máa mú òṣìṣẹ́ tó bá daṣẹ́ sílẹ̀ bí ọ̀daràn mọ́. Nígbà tí àwọn olùwádìí wá ń ṣírò ìbò láàárín 1960 sí 1969, bíi òṣìṣẹ́ kan nínú mẹ́ta ló ń dìbò fún Conservative. Àwọn òṣìṣẹ́ ló pọ̀ jù nínú olùdìbò nígbà náà. Bí ẹ bá yọ ẹnìkan nínú mẹ́ta yẹn kúrò, ẹgbẹ́ náà kò ní dé orí àlééfà.

Tiwa níbí lọ́jú pọ̀ díẹ̀. Ní 1979 ìlà náà ṣì hàn: UPN ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ìwòsàn ọ̀fẹ́, ìdàgbàsókè ìgbèríko àti iṣẹ́ fún gbogbo èèyàn, NPN ni ilé àwọn kọngilá àti àwọn ìjòyè ńlá. Ìpínlẹ̀ Ògùn yan UPN, Bísí Ọ̀nàbánjọ di gómìnà. Lóde òní, ẹni tó bá fẹ́ fi ìlànà ya APC àti PDP sọ́tọ̀ á làágùn, torí àwọn èèyàn kan náà ló ń ti ibì kan bọ́ sí ibòmíràn. Nítorí náà, kí wọ́n tó bú olùdìbò, kí wọ́n kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Ní ìbò ààrẹ ọdún 2023, àwọn olùdíje mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó léwájú ló ti sọ ṣáájú pé àwọn á yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, APC gba ìbò 341,554, PDP gba 123,831, Labour Party gba 85,829. Nígbà tí wọ́n kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún pé owó ìrànwọ́ ti lọ, wọ́n dojú èébú kọ ọlọ́kadà Lafẹ́nwá pé òun ló dìbò fún ọ̀wọ́n epo. Ta ni wọ́n wá ní kó dìbò fún? Nínú àwọn tó lè wọlé, kò sí ẹni tó ní kí owó náà dúró. Bí ohun tó ń jẹ ọ́ níyà kò bá sí lórí ìwé ìdìbò, ohun mìíràn lo máa fi yan èèyàn: ẹni tó gbọ́ èdè rẹ, ẹni tí àwọn èèyàn rẹ ń tẹ̀ lé.

Owó tó jáde kí èrè tó wọlé

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù wà nílẹ̀ wa, ó sì yà mí lẹ́nu pé a kì í sábà mẹ́nu bà á. Gbogbo wa là ń yin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn. Díẹ̀ nínú wa ló rántí pé mẹ̀kúnnù kọ́kọ́ fìyà jẹ ẹgbẹ́ tó mú un wá.

Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, Action Group, ti ń ṣètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti 1952. Ètò náà nílò owó, ilé ìwé nílò kíkọ́, olùkọ́ nílò ìdálẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n fi owó kún owó orí. Àwọn ọmọ kò wọlé ìwé ọ̀fẹ́ títí di ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955. Ìbò àpapọ̀ sì wáyé ní 1954, láàárín ìgbà tí wọ́n ti ń gba owó àti ìgbà tí ilé ìwé ṣí. NCNC, ẹgbẹ́ Alákùkọ, ló borí ní Ìwọ̀-Oòrùn: ìjókòó 23 nínú 42. Bàbá tó ń san owó orí tó ti gbówó lórí mọ ohun tó ti kúrò lápò rẹ̀. Kò tíì rí ọmọ kankan tó wọ aṣọ ilé ìwé nítorí rẹ̀.

Nígbà tí ilé ìwé ṣí, iye ọmọ tó wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti bíi 457,000 sí ohun tó lé ní 811,000 láàárín ọdún kan. Ìbò ilé ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn dé ní 1956. Ọlọ́pẹ gba ìjókòó 48 nínú 80. Ẹ̀kọ́ náà kò yí padà láàárín ọdún méjì yẹn, Awólọ́wọ̀ kò yí padà, mẹ̀kúnnù náà sì gbọ́n ní 1954 bó ṣe gbọ́n ní 1956. Ohun tó yí ni pé ọmọ rẹ̀ ti gbé síléètì dání.

Ìbàdàn tún fi ohun mìíràn kún un. Níbẹ̀, Adégòkè Adélabú kó àwọn tálákà ìlú jọ sábẹ́ ẹgbẹ́ Mábọlájẹ́, ó sì bá NCNC ṣe. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa: má ba ọlá jẹ́. Ọlá àwọn ìjòyè ni. Àwọn àgbẹ̀ kòkó tí inú ń bí, tí ìjọba ti ń gé igi wọn lulẹ̀ nítorí àrùn, wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Sí wọn, àwọn lọ́yà àti olùkọ́ tó kún inú Ọlọ́pẹ ni àwọn tó ń pàṣẹ láti òkè, àwọn ìjòyè sì ni àwọn tí wọ́n lè kàn sí nílé bí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀. Bí tálákà ṣe ń dáàbò bo ọlá ìjòyè nìyẹn. Ìjòyè wà ládùúgbò, ẹjọ́ rẹ̀ kì í pẹ́, kì í sì í béèrè ìwé.

Ẹni tó bá ń gbé ètò kalẹ̀ fún òṣìṣẹ́, tó fẹ́ kí wọ́n dìbò fún un, kó fi ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí yẹ ètò náà wò. Ọjọ́ wo ni owó máa kúrò lọ́wọ́ òṣìṣẹ́? Ọjọ́ wo ni yóò padà wọlé? Ta ni yóò fi lé e lọ́wọ́, ṣé ó mọ onítọ̀hún? Bírikìlà tó ń gba owó iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, tó ń fi ra gàárì ní kóńgò kí ilẹ̀ tó ṣú, kò lè yá ìjọba lówó fún ọdún méjì. Ẹni tó ń gba owó oṣù lè dúró, torí oṣù ń bọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kì í rí nígbà tí wọ́n bá ń kọ ètò wọn sórí bébà. Ẹgbẹ́ tó bá wí pé "a ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ" ṣe ìlérí tó ṣeé rí lọ́jọ́ kejì ìbò. Ẹgbẹ́ tó wí pé "a ó gba díẹ̀, a ó sì fi ohun ńlá san án" ń béèrè fún ìgbẹ́kẹ̀lé, àwọn ìjọba tó ti kọjá sì ti ná ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn tán.

Ìtòkú

Ẹ wá wo obìnrin aláàdìrẹ kan ní Ìtòkú. Mi ò ní ẹnì kan pàtó lọ́kàn, iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ ká wò. Ó ra aṣọ funfun. Ó fi okùn di í, tàbí kó yọ́ àbẹ́là kó fi ya ọnà sí i lára. Ó po aró òyìnbó mọ́ kọ́sítìkì àti hydrosulphite nínú omi gbígbóná, ó jẹ́ kó tutù kí àbẹ́là má baà yọ́, ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà kí kọ́sítìkì má bó o lọ́wọ́, ó ri aṣọ bọ̀ ọ́, ó yí i, ó gbé e síta kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i kí àwọ̀ rẹ̀ lè jáde. Lẹ́yìn náà ni yóò tú okùn, tàbí kó fi omi gbígbóná yọ àbẹ́là kúrò, kó fọ̀ ọ́, kó sá a, kó fi sítáàsì sí i. Ọwọ́ èèyàn ló kan gbogbo rẹ̀.

Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ ọnà àdìrẹ sí lára láti Ṣáínà ti wà nínú ọjà yìí kan náà. Ẹ̀rọ kì í di okùn. Kò sí bí owó rẹ̀ ṣe máa bá ti aláàdìrẹ mu. Nítorí náà, bí olóṣèlú kan bá dìde tó ní "ẹ jẹ́ ká ti bodè," obìnrin yìí á gbọ́ ọ kí ó tó parí ọ̀rọ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè orí ilẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020, ìrẹsì wọ́n, ojú àwọn ará Ìdírokò rí màbo, síbẹ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan ń pàtẹ́wọ́. Ẹni tó ń wò wọ́n láti òde á ní wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ebi. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìjọba rántí pé àwọn náà ń ta nǹkan.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ rèé. Aró náà, láti òkè òkun ló ti ń wá. Kọ́sítìkì náà, bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí náírà já ní oṣù kẹfà 2023, tí dọ́là kan kúrò ní nǹkan bí ₦460 tó sì ti kọjá ₦1,500 ní 2024, aṣọ Ṣáínà gbówó lórí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń pò sínú agbada aró náà gbówó lórí. Ẹni tó bá fẹ́ dáàbò bo aláàdìrẹ gbọ́dọ̀ ya aṣọ tí wọ́n ti tẹ ọnà sí sọ́tọ̀ kúrò lára aró àti kẹ́míkà, kó gba owó bodè lórí àkọ́kọ́, kó yọ ọ́ lórí èkejì. Ìyẹn kò dùn láti fi pariwo lórí pèpéle, "ẹ ti bodè" ló dùn. Ẹgbẹ́ tó mọ ariwo ló ń jẹ ìbò.

Amẹ́ríkà rí irú rẹ̀. Ní 2016, Donald Trump, ti ẹgbẹ́ Republican, borí ní Michigan, Wisconsin àti Pennsylvania, ìpínlẹ̀ mẹ́ta tí iṣẹ́ irin àti iṣẹ́ mọ́tò ti jẹ́ oúnjẹ òṣìṣẹ́. Bí ẹ bá ro ìyàtọ̀ ìbò rẹ̀ ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kò tó 80,000. Ní oṣù kẹta 2018 ó gbé owó bodè ìdá 25 nínú 100 lé irin, ìdá 10 lé alumíníọ̀mù. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ irin yọ̀. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń ra irin láti fi ṣe nǹkan mìíràn bá ọ̀wọ́n pàdé. Àwọn méjèèjì ni òṣìṣẹ́. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní ire gbogbo òṣìṣẹ́ láìbéèrè pé irú òṣìṣẹ́ wo, nínú ilé-iṣẹ́ wo.

Ìwé ilé

Kò sí ohun tí ẹgbẹ́ olówó tíì fi mú òṣìṣẹ́ bí ilé. Nígbà tí Margaret Thatcher, olórí Conservative, dé orí ìjọba ní 1979, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ará Bìrìtáènì tó ń gbé ilé tí káńsù kọ́ tó sì ń háyà fún wọn. Òfin ilé ọdún 1980 ní kí ẹni tó bá ti háyà ilé káńsù fún ọdún mẹ́ta lè rà á, kí wọ́n yọ ìdá 33 nínú 100 kúrò nínú owó rẹ̀, kí ẹ̀dínwó náà máa fi ìdá kan lé sí i lọ́dọọdún títí yóò fi di ìdá 50 fún ẹni tó ti lo ogún ọdún. Ẹ ṣírò rẹ̀: ilé tó tó £20,000 di £10,000 fún ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀. Ju mílíọ̀nù kan ilé lọ ni wọ́n tà kí ọdún mẹ́wàá náà tó parí.

Lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ gba ìwé, ohun tó ń bẹ̀rù yí padà. Ní àná, ó ń bẹ̀rù kí owó ilé má lọ sókè. Lónìí, ó ń bẹ̀rù kí èlé owó tó yá ra ilé má lọ sókè, ó sì fẹ́ kí ilé náà níye lórí. Ẹgbẹ́ Labour ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ní ti òṣìṣẹ́ ni òun, tako títà náà níbẹ̀rẹ̀. Sí etí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà kun ilẹ̀kùn ara rẹ̀, ohun tí Labour ń wí ni pé kò yẹ kó ní ilé. Àbùkù ètò náà fara hàn nígbà tó yá: àwọn káńsù kò rí ọ̀pọ̀ nínú owó náà fi kọ́ mìíràn, àwọn ọmọ àwọn tó ra ilé sì wá ń háyà lọ́wọ́ onílé aládàáni ní owó gọbọi. Ṣùgbọ́n ìbò bàbá ti lọ.

L'Abẹ́òkúta a mọ agbára ìwé. Ẹni tó ra ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì l'Ọbáńtokò, tó ń kọ́lé díẹ̀díẹ̀, búlọ́ọ̀kù ọgọ́rùn-ún lọ́dún yìí, ìtẹ́lẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, kì í sábà ní C of O. Nígbà ìjọba Ìbíkúnlé Amósùn, ètò Home Owners Charter ṣí ọ̀nà fún àwọn tó ti kọ́lé láìgbàwé láti gba ìwé ilẹ̀ àti ìwé àṣẹ ìkọ́lé ní ẹ̀dínwó. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí bí ẹ̀rù àmì pupa "X" lára ògiri ṣe ń rí, mọ ohun tí ìwé bẹ́ẹ̀ jẹ́ fún káfíńtà tó fi ogún ọdún kọ́ yàrá mẹ́ta. Olóṣèlú tó bá fi ìwé ilé lé e lọ́wọ́ ti kọjá ẹni tó fún un ní àpò ìrẹsì.

Ta ló ń bẹ̀ ẹ́ wò?

Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ òṣèlú bí ẹni pé orí ni èèyàn ti ń bí i. Ibi ìpàdé ló ti ń wá. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló ń sọ fún òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé Labour ni tiwa: ní ibi iṣẹ́, ní ilé ọtí ẹgbẹ́, níbi ìsìnkú. Ní 1979, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní Bìrìtáènì lé ní mílíọ̀nù 13. Wọ́n ti dín sí bíi ìdajì. Ní Amẹ́ríkà, ìdá 20 nínú 100 òṣìṣẹ́ ló wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní 1983. Ó ti sún mọ́ ìdá 10 báyìí. Ẹ wo àgbègbè Macomb ní Michigan, ibùgbé àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ mọ́tò: ní 1960, bíi ẹni mẹ́fà nínú mẹ́wàá wọn ló dìbò fún John Kennedy ti Democrat, ní 1984, bíi ẹni méjì nínú mẹ́ta ló dìbò fún Ronald Reagan ti Republican. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pàápàá ń ṣìnà. PATCO, ẹgbẹ́ àwọn tó ń darí ìrìnnà ọkọ̀ òfuurufú láti orí ilẹ̀, kéde ní 1980 pé ti Reagan ni àwọn ń ṣe. Ní oṣù kẹjọ 1981 wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀, Reagan sì lé ohun tó ju 11,000 nínú wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Àwọn Conservative ti mọ àṣírí ìpàdé yìí tipẹ́. Ní 1883 wọ́n dá Primrose League sílẹ̀. Owó ẹgbẹ́ rẹ̀ kéré fún mẹ̀kúnnù, obìnrin tí kò tíì ní ìbò wọ̀ ọ́, wọ́n ń mu tíì, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń gbé àmì ẹ̀yẹ sáyà ara wọn. Ọmọ ẹgbẹ́ náà lé ní mílíọ̀nù kan kí ọ̀rúndún yẹn tó parí. Ẹni tó bá mọ ìpàdé wọ́ọ̀dù wa níbí, tó mọ aṣọ ẹgbẹ́jọdá, tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ẹni tó wá síbi ìsọmọlórúkọ àti ẹni tí kò wá, kò nílò àlàyé. Alága wọ́ọ̀dù tó dé nígbà tí ìyá rẹ kú, tó jókòó, tó jẹun, tó fi nǹkan sílẹ̀, ẹgbẹ́ wo ló wà lára fìlà rẹ̀? Ẹgbẹ́ yẹn ni o máa dìbò fún, o ò sì ṣe ohun ìtìjú.

Ọ̀rọ̀ ₦5,000 tí wọ́n ń pín lọ́jọ́ ìbò, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni: abala 121 òfin ìdìbò ọdún 2022 gbé ìtanràn tó lè tó ₦500,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 12, tàbí méjèèjì, kalẹ̀ fún ẹni tó fún àti ẹni tó gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó rò pé owó yẹn nìkan ló ń yí ìbò kò tíì ka iye èèyàn tó gbà á lọ́wọ́ ẹgbẹ́ méjì tó sì dìbò fún ẹgbẹ́ tó ti wà lọ́kàn rẹ̀.

Ìbò tí wọ́n ní kó tún dì

Blyth Valley, Leigh, Bolsover: ibùdó èédú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ìlú wọ̀nyí tẹ́lẹ̀. Ìjọba Conservative ló ti kòtò èédú pa lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì 1984 sí 1985, àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ sì rántí. Leigh ti wà lọ́wọ́ Labour láti 1922. Ní oṣù kejìlá 2019 gbogbo wọn bọ́ sọ́wọ́ Conservative. Labour ṣẹ́kù sí ìjókòó 202, iye tó kéré jù látọdún 1935.

Kí ló dé? Ní oṣù kẹfà 2016, ìdá 52 nínú 100 dìbò pé kí Bìrìtáènì kúrò nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, àwọn ìlú èédú sì wà lára àwọn tó dì í jù. Fún ọdún mẹ́ta ìbò náà kò ṣẹ. Labour wá ní kí wọ́n tún un dì. Bóyá ìbò náà dára fún òṣìṣẹ́ tàbí kò dára, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé ìbò tiwọn kò tó ìbò. A mọ̀ ọ́n lára l'Abẹ́òkúta. Ọmọ ìlú wa ni MKO Abíọ́lá, ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 1993 ni wọ́n dìbò fún un, ọjọ́ 23 ni wọ́n fagi lé e. Olówó ńlá ni Abíọ́lá, mẹ̀kúnnù ló sì dà jáde sígboro nítorí rẹ̀. Ẹni tí kò ní ilẹ̀, tí kò ní owó ní báńkì, ìbò yẹn lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tó ní tó dọ́gba pẹ̀lú ti ọlọ́rọ̀. Ẹgbẹ́ tó bá fọwọ́ kàn án ti mú ọ̀tá ìran.

Ẹ̀kọ́ ìwé ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú. Àwọn ẹgbẹ́ tó pe ara wọn ní ti òṣìṣẹ́ ti di ẹgbẹ́ àwọn gbóyè-yunifásítì ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, èdè ìpàdé wọn sì yí. Òṣìṣẹ́ tó bá sọ ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀sìn rẹ̀ tàbí nípa àjèjì tó ń wọlé, wọ́n á kọ́kọ́ tọ́ ọ sọ́nà kí wọ́n tó gbọ́ ohun tó ń dùn ún. Kì í dúró jiyàn. Ó ń lọ ni.

Òṣìṣẹ́ kì í sì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni. Ní oṣù keje 2024, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlú wọ̀nyẹn padà sọ́dọ̀ Labour, tó gba ìjókòó 411. Ìbò Reform UK, tó wà lápá ọ̀tún Conservative, sì tó ìdá 14 nínú 100, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjókòó 5 péré ló rí. Wọ́n ṣì ń wò.

Ohun tó ṣeé ṣe

Ní ìbò gómìnà Ògùn ní 2023, APC ní 276,298, PDP ní 262,383. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 13,915. Iye tí wọ́ọ̀dù mélòó kan lè yí nìyẹn, torí náà kò sí ẹgbẹ́ tó lè sọ pé òun ò lè débẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń pẹ́ dé. Wọ́n á wá ní oṣù mẹ́ta sí ìbò, wọ́n á pe ìpàdé ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ nígbà tí ọlọ́jà wà lọ́jà, wọ́n á sọ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á gba owó ìforúkọsílẹ̀ kí wọ́n tó yanjú ohunkóhun. Ẹni tó bá fẹ́ ìbò òṣìṣẹ́ kó mú owó kan ṣoṣo tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn, bíi tíkẹ́ẹ̀tì ojoojúmọ́ ní gáréèjì kan. Kó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kó wá òfin tí wọ́n fi ń gbà á, kó gbé e lọ sí káńsù pẹ̀lú orúkọ àwọn tó ń san án, kó sì padà wá jíṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́ tàbí lẹ́yìn ìpàdé àdúrà, ìbáà jẹ́ pé ohun tó gbọ́ ni "rárá".

Wọ́n ti ṣe é rí nílùú yìí. Abẹ́òkúta Ladies' Club bẹ̀rẹ̀ ní 1932 gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó kàwé. Nígbà ogun Hitler, àwọn aláṣẹ ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọjà láìsan owó. Àwọn ọlọ́jà gbé ẹjọ́ náà wá, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e títí gbígbà náà fi dópin ní 1945. Ẹgbẹ́ yẹn kò tíì béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ọlọ́jà kankan. Ìgbà yẹn ni àwọn ọlọ́jà dà wọlé, tí ẹgbẹ́ náà yí orúkọ padà sí Abẹ́òkúta Women's Union, tí Ransome-Kuti fi aṣọ òyìnbó sílẹ̀ fún ìró àti bùbá, tó ń fi Yorùbá bá wọn sọ̀rọ̀. Owó orí ló kàn: ọmọbìnrin ń san án láti ọmọ ọdún 15, ọkùnrin kì í tíì san án ní ọjọ́ orí yẹn. Wọ́n yí ààfin Aké ká ní 1947. Ní oṣù kìíní 1949 Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá kúrò lórí ìtẹ́, owó orí obìnrin kúrò nílẹ̀, wọ́n sì fi obìnrin mẹ́rin sínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso fún ìgbà díẹ̀. Ọdún márùn-ún ṣáájú, obìnrin tó ń ta ìrẹsì kò lè sọ fún ẹni tó gbé àpò rẹ̀ pé kó sọ ọ́ kalẹ̀.